Ẹ fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún ayálégbé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín, láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n n kò kọ lẹ́tà sí yín rí. Lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló mú mi jókòó ti tábìlì lónìí. Ẹni tó kọ ọ́ ní bí ọjà ṣe gbówó lórí yìí, ọ̀lẹ ló ń ráhùn. Ó ní kí oníkálukú gbin ẹ̀fọ́ àti ata sẹ́yìnkùlé rẹ̀, kí ariwo lè dákẹ́. Ó ní àwọn ìyá wa kì í ra ẹ̀fọ́ lọ́jà.

Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ẹ̀fọ́ gbíngbìn. Èmi náà ń gbìn ín, n ó sì sọ bí mo ṣe ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ “ọ̀lẹ” yẹn ni kò lọ lọ́kàn mi, nítorí mo mọ obìnrin kan tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí lójoojúmọ́, tó fẹ́ gbin ẹ̀fọ́, tí wọn kò sì jẹ́ kó gbìn ín. Ohun tí mo fẹ́ bi ọ̀gá tó kọ lẹ́tà náà ni pé ẹ̀yìnkùlé wo ló ń sọ?

Wọ́n bí mi ní 1960. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì ní 2020. Awakọ̀ ajàgbé ni ọkọ mi. Ó ná Kano àti Sókótó fún ọdún tó lé ní 30, kó tó di pé ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ lálẹ́. Apẹtẹ, níbí n’Ìbàdàn, la kọ́lé sí. Ọmọ ọmọ méjì ló ń gbé lọ́dọ̀ wa, Àlàó tó jẹ́ ọmọ ọdún 12 àti Àjọkẹ́ tó jẹ́ ọmọ ọdún 9. Èkó ni ìyá àti bàbá wọn ti ń ṣiṣẹ́, yàrá kan ṣoṣo sì ni agbára wọn ká níbẹ̀.

Kí n tó bá ẹnikẹ́ni wí, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun tí àwa fúnra wa ṣe. Ní 2004 tí a kó wọ ilé wa, púlọ́ọ̀tì kan ni ilẹ̀ náà, 50 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú, 100 ní òró. Ilé gba iwájú, ẹ̀yìn ṣẹ́ kù. Igi ewúro mẹ́ta wà lẹ́bàá kànga. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà lẹ́yìn balùwẹ̀ níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà. Efinrin ń hù fúnra rẹ̀, tẹ̀tẹ̀ sì kún ibi tí a ń da eérú àti èèpo iṣu sí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbìn ín. N kò ka gbogbo ìyẹn sí oko. Bí mo bá fẹ́ se ọbẹ̀, mo kàn ń na ọwọ́ sẹ́yìn ilé ni.

Ní 2012, ọmọbìnrin wa fẹ́ ṣègbéyàwó. Ẹbí ọkọ ń bọ̀, a sì ń wá ibi tí wọn yóò ta kánọ́pì sí. Ọkọ mi ní kí á da kọnkéré sí gbogbo ẹ̀yìn, kí ẹrẹ̀ má bàa ba bàtà àlejò jẹ́. Mo fara mọ́ ọn, inú mi tiẹ̀ dùn sí i. Ládùúgbò wa nígbà náà, ilé tí wọn kò bá da sìmẹ́ǹtì yí ká, ilé ẹni tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pè é. A hú ewúro, a bẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ kan ni ìgbéyàwó gbà. Kọnkéré náà wà nílẹ̀ fún ọdún 11.

Àwa ará Ìbàdàn kì í ṣe àjèjì sí ohun tí omi lè ṣe. Ọmọ 20 ọdún ni mí nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ìgboro ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ẹ̀wẹ̀, omi gbé afárá Apẹtẹ lọ, tó jẹ́ pé ọ̀nà tó jìn la ń rìn yípo ká tó dé ìgboro. Kò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí a fi kọnkéré bo ilẹ̀ tó ń bá wa mu omi òjò. Láti ìgbà náà, bí òjò ńlá bá ti rọ̀, ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì mi ni omi ń jọ sí, èmi a sì máa fi ìgbálẹ̀ gbá a jáde. Fún ọdún 11, n kò rò ó lẹ́ẹ̀kan pé kọnkéré wa ló fà á.

Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo tí kò tó ₦200 ti kọjá ₦500. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti dé ₦1,000. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ lè máa rò pé kò kan òun, àmọ́ epo ló ń gbé iṣu ti Òkè-Ògùn bọ̀, òun náà ló ń gbé ata àti àlùbọ́sà wá láti Òkè Ọya. Kóńgò gàárì tí mo rà ní ₦400 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ₦1,400 ni mo rà á ní àárín 2024. Ẹ̀wà tí mò ń rà ní kóńgò méjì-méjì, ìdajì kóńgò ni mo wá ń rà. Owó ìfẹ̀yìntì mi kò sún kúrò lójú kan. Nígbà tí ìjọba gbé owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní ₦30,000 lọ sí ₦70,000 ní oṣù keje ọdún 2024, inú mi dùn fún àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, kò sí nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ọmọ mi tó máa ń wá wo àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Nígbà tó yá, ó di oṣù méjì. Ó dán rélùwéè wò, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Èkó wá sí Mọ́níyà ní 2021, ó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ láti Mọ́níyà dé Apẹtẹ tún wà níbẹ̀, àlọ àti àbọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, Àjọkẹ́ bi mí bóyá ìyá òun ń bínú sí òun ni. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà. Mo ní rárá o, owó mọ́tò ni. Kò gbà mí gbọ́.

Oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni mo sọ fún ọkọ mi pé kí á fọ́ kọnkéré ẹ̀yìn. Kò fèsì fún odidi ọjọ́ méjì. Mo mọ ohun tó ń rò: iye àpò sìmẹ́ǹtì tó wọlẹ̀ síbẹ̀, àti ẹrù ọkọ̀ tó gbé lálẹ́ kó tó rí owó rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó lọ yá òòlù ńlá lọ́wọ́ bíríkìlà kan ládùúgbò, òun àti Àlàó sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kànga. A gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan kún wọn fún ọjọ́ méjì, ìyókù jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀. Ó kù díẹ̀ kí Kérésì dé nígbà tí a parí. Àfọ́kù rẹ̀ la tò ṣe etí bẹ́ẹ̀dì.

Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti kú. N kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún un. Ó funfun, ó le, ó ń rùn bí inú ìkòkò tí wọ́n dé pa fún ọjọ́ pípẹ́. Àjọkẹ́ fi igi walẹ̀ káàkiri láti wá ekòló fún adìẹ, kò rí ẹyọ kan.

A lọ kó ìgbẹ́ adìẹ lọ́wọ́ ọlọ́sìn kan ní Ológùnẹ́rù, owó ọkọ̀ nìkan la san. Ìgbẹ́ adìẹ tútù kò ṣe é dà sídìí ewéko, yóò jó gbòǹgbò rẹ̀. A kó o jọ pọ̀ mọ́ ewé gbígbẹ àti eérú, à ń yí i, à ń wọ́n omi sí i, ó lé ní oṣù méjì kó tó tutù délẹ̀. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò 2024 rọ̀, a fọ́n tẹ̀tẹ̀ sí i. Ó hù, ó ga tó ìka ọwọ́, ó pọ́n, ó sì yọ òdòdó láìní ewé tí a lè já. Ọkọ mi wò ó, kò sọ nǹkan kan, ó wọlé lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo sunkún.

Ohun tí wọ́n kọ́ mi ní 1976 ló gbà mí. Ọdún yẹn ni ìjọba Ọbásanjọ́ gbé Operation Feed the Nation kalẹ̀, ètò tó ní kí tọmọdé tàgbà gbin oúnjẹ. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo wà, olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ sì ní bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ tí wọ́n ń fi máàkì sí. Olùkọ́ wa a máa sọ pé ẹ̀wà a máa bọ́ ilẹ̀ tó bá ti ṣá: gbòǹgbò rẹ̀ ní kókó kéékèèké tó ń fa oúnjẹ láti inú afẹ́fẹ́ wá fún ilẹ̀. Mo gbin ẹ̀wà sí gbogbo ibẹ̀ ní oṣù karùn-ún. N kò tilẹ̀ retí ẹ̀wà nídìí rẹ̀. Nígbà tó tẹ́ rẹrẹ tó sì fẹ́ yọ òdòdó, a ro gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, a fi erùpẹ̀ bò ó. Ìsinmi òjò oṣù kẹjọ bá a níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹsàn-án, mo gbọ́ tí Àjọkẹ́ figbe ta lẹ́yìn ilé, mo rò pé ejò ni. Ekòló ni. Mẹ́ta ló rí lábẹ́ àfọ́kù kọnkéré kan. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún adìẹ.

Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ ti ń dá wa lóhùn. Tẹ̀tẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ tí a fi ń já a. Irúgbìn ata rodo àti ti ewédú, NIHORT ní Ìdí-Iṣin ni mo ti rà á, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbin ewédú, kó mọ̀ pé irúgbìn rẹ̀ a máa sùn. Ẹ di í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ inú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ẹ ka ení dé àrún, ẹ yọ ọ́, ẹ sọ ọ́ sínú omi tútù, kẹ́ ẹ tó sá a. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ni yóò hù. Bí kòkòrò bá ń jẹ ẹ̀fọ́, ewé dongoyárò la ń gún, a rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, a sẹ́ ẹ, a wọ́n ọn sí i nírọ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ìṣirò, nítorí ọ̀gá yẹn ní kí á gbìn ín kí ariwo dákẹ́. Nígbà tí NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, kéde pé owó oúnjẹ ní oṣù kẹfà 2024 fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti oṣù kẹfà ọdún tó ṣáájú lọ, Àlàó bi mí bóyá ẹ̀fọ́ wà nínú ohun tí wọ́n kà. Mo ní ó ń bẹ níbẹ̀. Ó ní òun náà fẹ́ kà. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan fún un. Láti oṣù kẹwàá 2024 títí dé òpin oṣù kẹta ọdún yìí, gbogbo ohun tí a já lẹ́yìn ilé ló kọ sílẹ̀, pẹ̀lú iye tí wọn ì bá tà á fún wa ní ọjà Apẹtẹ lọ́jọ́ náà: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ilá, ata rodo, úgù. Oṣù mẹ́fà, ₦71,600. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó pé.

Owó gidi ni, ó lé ní ₦11,000 lóṣù, mo sì ń dúpẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣe ìṣirò náà tán, odidi oṣù mẹ́fà yẹn kò tó ra àpò ìrẹsì kan. Kò san owó ilé-ẹ̀kọ́. Kò rọ gáàsì sí sílíńdà ju ìwọ̀nba lọ. Ẹni tó ní ilẹ̀, tó ní kànga, tó ní ọkọ tó lágbára àti ọmọ ọmọ méjì tó ń bá a pọn omi, ohun tó rí nìyẹn. Nítorí náà, mo bẹ yín, ẹ má fi ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé pa ẹnu ẹni tí ebi ń pa mọ́.

Tòmátì kò sí nínú ìwé Àlàó. A gbìn ín lẹ́ẹ̀mejì, òjò rà á mọ́ orí igi. Ọkọ mi ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Òun ló ń kó apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti Kano wá sí Bódìjà láyé ijọ́un. Ó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń kórè rẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú omi tí wọ́n ń darí wọ oko láti odò àti ìsédò, ìdí nìyẹn tó fi máa ń wọ́n bí òjò bá ti wọlé. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀bólà tòmátì, tó jẹ oko run ní Kaduna ní 2016, ṣì wà níta. A ti fi ata rodo àti àlùbọ́sà rọ́pò rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ wa.

Ohun kan tún wà tí Àlàó kò lè kọ sínú ìwé. Nígbà tí ọkọ mi fi ọkọ̀ sílẹ̀, iwájú ilé ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tí yóò máa wo títì. Bí mo bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, á dáhùn. Bí n kò bá bi í, ó parí. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí, bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, òun ló ń pe àwọn ọmọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń fa korobá 20 nínú kànga: Àlàó ń fà, òun ń gbé e, Àjọkẹ́ ń fi agolo tí a lu ihò sí nídìí wọ́n ọn. Tí a bá ti bomi rin ín tán, a ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a ó máa já ewé ewédú kúrò lára igi rẹ̀ sínú ajere. Iná kì í sábà sí lásìkò yẹn. Bó bá wà náà, a kì í wọlé.

Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọ̀nà. Ó sọ bí odò Ọya ṣe ń rí láfẹ̀mọ́júmọ́ bí èèyàn bá ń gun afárá Jẹ́bà. Ó sọ nípa ọdún kan tí ọkọ̀ rẹ̀ kú sẹ́bàá Mọ́kwà, tí ìyá Nupe kan tí wọn kò gbédè ara wọn fún un lóúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti tó 40 ọdún tí mo ti ń bá ọkùnrin yìí gbé, n kò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Àjọkẹ́ ti sọ ọ́ di àlọ́, ó ní kí bàbá àgbà tún un sọ, bó bá sì fo ibì kan, á dá a dúró.

Bí ìyá wọn bá wá láti Èkó, òun náà ń bá wa jókòó síbẹ̀, ó ń bá wa já a. Àpò ẹ̀fọ́ ló ń gbé lọ. Lẹ́yìn ọdún tuntun, ó ní òun ti rí i pé bí òun bá ń gbé ẹ̀fọ́ àti ata tó pọ̀ tó lọ, iye tí òun kò ná lọ́jà a máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọkọ̀ àlọ. Ó ti padà sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù.

Mo wá dé ọ̀dọ̀ obìnrin tí mo tìtorí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí. Ìyá Ìbejì la ń pè é. Ilé kẹta sí tiwa ló ń gbé, ilé oníyàrá mẹ́jọ, ìdílé méje ló wà níbẹ̀. Àkàrà ló ń dín láàárọ̀, ọkọ rẹ̀ ń ṣe bíríkìlà nígbà tí iṣẹ́ bá wà. Láti ẹnu géètì ilé náà títí dé ògiri ẹ̀yìn, sìmẹ́ǹtì ni. Èèyàn kò lè rí ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ tí koríko lè hù sí. Ó rí ohun tí à ń ṣe lọ́dọ̀ wa, ó bi mí, mo kọ́ ọ. Ó wá àpò ìrẹsì méje, ó ra erùpẹ̀ dúdú bárò mẹ́ta, ó pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tí mo fún un, ó tò wọ́n sẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá. Ata rodo wà nínú mẹ́rin, úgù nínú méjì, tẹ̀tẹ̀ nínú ọ̀kan. Àwọn ìbejì rẹ̀ ló pín ata náà láàárín ara wọn, Táyé ní méjì, Kẹ́hìndé ní méjì.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, onílé ní kó kó wọn kúrò. Ó ní omi ń ṣàn láti ìdí àpò, ó ń ba sìmẹ́ǹtì òun jẹ́, pé ewé úgù lè kó ejò wọlé. Ó fún un ní ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́dún kan náà ni owó ilé rẹ̀ kúrò ní ₦60,000 lọ sí ₦100,000. Ó wá bá mi lálẹ́, kò sọ̀rọ̀ onílé ní àìda. Ohun tó ń tún sọ ṣáá ni pé ata náà ti ń rúwé, pé kí ni òun fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ. Ọkọ mi àti Àlàó lọ fi bárò kó àpò méjèèje wá sẹ́bàá kànga wa. Bó bá ti dín àkàrà tán láàárọ̀, kó tó wẹ ọwọ́ òróró, ọ̀dọ̀ wa ló ń yà láti wá bomi rin wọ́n. Obìnrin tí wọn ì bá pè lọ́lẹ nìyẹn.

Mo lọ bá onílé náà. Àgbà ni, mo bọ̀wọ̀ fún un, òun náà sì yẹ́ mi sí. Ó fún mi níjòókòó, ó bu omi fún mi. Ó ní, “Tíṣà, bí mo bá gbà fún ẹnì kan, gbogbo wọn ni yóò fẹ́ ẹ.” Mo ní kí gbogbo wọn fẹ́ ẹ, bàbá. Mo sọ fún un nípa omi tó ń wọ kíṣìnnì mi ní gbogbo ọdún tí kọnkéré wà, àti bí kò ṣe wọ̀ ọ́ mọ́ láti ìgbà tí a ti fọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun gbọ́. Orí ìyẹn la fi ọ̀rọ̀ sí.

Olóòtú, àwọn onílé ni mò ń bẹ̀ nínú lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ pé ilé kíkọ́ kò rọrùn, èmi náà kọ́ ọ. Kò pọn dandan kí ẹ fọ́ ohun tí ẹ ti fi owó iyebíye ṣe. Ẹ gba àpò láyè. Bó bá jẹ́ omi ló ń bà yín lẹ́rù, kí ayálégbé gbé e ka orí búlọ́ọ̀kù, kó gbé ọpọ́n sábẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá sì ń kọ́lé lọ́wọ́, kó fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sílẹ̀ lẹ́yìn ilé láìda nǹkan kan sí i, kó sì bi ara rẹ̀ níbi tí òjò orí òrùlé rẹ̀ yóò gbà lọ.

Àwọn tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Wọ́n máa ń wọn bí ilé ṣe jìnnà sí títì, n kò tíì rí ẹni tó bèèrè iye ilẹ̀ tí yóò ṣẹ́ kù láti mu omi. Bákan náà ni oko ilé-ẹ̀kọ́. Níbi tí mo ti fẹ̀yìn tì, ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń gbin àgbàdo àti ilá sí nígbà tí mo débẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀ nígbà tí mo ń lọ. Ọmọ tí kò bá fi ọwọ́ kan ilẹ̀ nílé, tí kò sì fọwọ́ kàn án nílé-ẹ̀kọ́, nígbà wo ló fẹ́ kọ́ ọ?

Ní ti ọ̀gá tó sọ pé àwọn ìyá wa kì í ra ẹ̀fọ́, òótọ́ ló sọ. Ìyá mi kì í rà á. Ààtàn wà lẹ́yìn agbo ilé wa, ilẹ̀ gbogbo ẹbí ni, kò sí ẹni tó ń gbowó ilé lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè fún un ní ọjọ́ mẹ́ta láti hú tẹ̀tẹ̀ rẹ̀.

Òjò ńlá rọ̀ ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì mi gbẹ. Ata inú àpò Táyé ti so mọ́kànlá, ti Kẹ́hìndé ti so mẹ́sàn-án, ìjà sì ti bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Ìyá Ìbejì ní kí n bá òun tún onílé bẹ̀. Mo ní n kò ní lọ sílé rẹ̀ mọ́, mo máa kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, nítorí mo rí i lórí tábìlì rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ, ó sì sọ fún mi pé òun kì í fo ojú ewé lẹ́tà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Apẹtẹ, Ìbàdàn.